Télọ̀ Tó Jókòó Síwájú Fèrèsé

Ẹni tó bá rí Òòyì lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ kò ní béèrè ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin gogoro tó ti lé lógójì ọdún, tó máa ń gbé kámẹ́rà lórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sáàárín yàrá onílé, táá máa yí i díẹ̀díẹ̀, tí òun náà á máa sá yípo lẹ́yìn rẹ̀ kí ara rẹ̀ má baà wọnú àwòrán: tí a ò bá pè é ní Òòyì, kí ni ká pè é? Ìyá rẹ̀ nìkan ni kì í pè é bẹ́ẹ̀. "Ọmọ mi" ni tirẹ̀, bí inú bá sì ń bí i, "ìwọ yìí".

Àwòrán yíká ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀, torí iṣẹ́ ayé òde òní kì í pẹ́ dàrú mọ́ni lójú. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń bá onílé ta ilé ni Òòyì ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ ra ilé lọ́dọ̀ wọn kò ní láti máa fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ kiri àdúgbò. Yóò jókòó sórí àga tó ń yí, wọn á di awò dúdú ńlá kan mọ́ ọn lójú, awò náà á bo ojú rẹ̀ bámúbámú, kó tó mí lẹ́ẹ̀kan ó ti wà láàárín yàrá tí kò dé rí. Bó bá gbójú sókè, á rí àjà. Bó bá wẹ̀yìn, á rí ilẹ̀kùn. Bàbá àgbàlagbà kan ti dìde rí pé òun fẹ́ lọ ti fèrèsé nítorí òjò, ó sì forí sọ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì wọ ẹ̀yìn lọ rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn wọ́n.

Fèrèsé yìí gan-an ni ọ̀tá ẹni tó bá ń ya inú ilé. Bí o bá yà á kí inú yàrá hàn, fèrèsé á funfun báláú bí ẹni da wàrà sí i. Bí o bá sì yà á kí ohun tó wà níta fèrèsé hàn, inú yàrá á dúdú bí ìdí ìkòkò. Ojú èèyàn ló mọ bí a ṣe ń rí méjèèjì pa pọ̀, kámẹ́rà ò mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí Òòyì fi ń ya ojú kan náà léraléra: ọ̀kan á ṣókùnkùn, ọ̀kan á wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ọ̀kan á mọ́ kọjá ààlà. Tó bá padà dé, á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, á mú ìmọ́lẹ̀ lára èyí, á mú òkùnkùn lára tọ̀hún, á rán wọn pọ̀ bí ẹni rán aṣọ. Ó tún fi ọgbọ́n kan kún un: bí o bá kọjú sí fèrèsé nínú awò náà, yàrá á rọra ṣókùnkùn bó ṣe máa ń rí lójú wa, bí o bá sì yíjú sí kọ̀rọ̀, kọ̀rọ̀ náà á rọra mọ́ fún ọ. Ọ̀gá rẹ̀, obìnrin tí ìyìn ń wọ́n lẹ́nu rẹ̀ ju omi ẹ̀ẹ̀rùn lọ, a máa wò ó, a ní, "Hun-un. Ó dáa." Inú Òòyì á máa dùn fún ọjọ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Ohun tó bá ń mira ló tún kù. Ajá tó ń kọjá, kọ́tíìnì tí atẹ́gùn ń fẹ́, ẹni tó gbọ́wọ́ sókè láàárín àwòrán kan àti èkejì. Bí wọ́n bá rán àwòrán pọ̀, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ á ní orí méjì àti ọwọ́ mẹ́fà, ara rẹ̀ á máa hàn ràìràì débi pé wàá máa rí ògiri láti inú ikùn rẹ̀. "Iwin" ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá ò sì fẹ́ iwin rárá. "Ta ló fẹ́ ra ilé tí iwin ń gbé?" Bẹ́ẹ̀ ni iwin yíyọ ṣe di iṣẹ́ Òòyì. Ọwọ́ rẹ̀ yá sí i débi pé ó lè máa yọ ọ́ kó sì máa fóònù, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.

Ìyá rẹ̀ ló ń bá a gbé, nínú yàrá kan àti pálọ̀ kékeré tó wà lókè àtẹ̀gùn gíga. Ìyàwó tó fẹ́ nígbà kan ti bá tirẹ̀ lọ, ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ojú ìyá yìí ń lọ. Dókítà ojú ní àárín ojú ló ti kú, pé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ nìkan ló ṣì ń ríran, pé kò sóògùn, àti pé ẹ̀gbẹ́ náà ò ní pẹ́ tẹ̀lé e.

"Bíi ìgbà wo?" ni Òòyì béèrè.

Dókítà gbé èjìká, ó ní òun kì í ṣe Ọlọ́run.

Bí ìyá bá fẹ́ wo èèyàn, ṣe ló máa ń dorí kọ ẹ̀gbẹ́ bí adìyẹ tó fẹ́ mọ̀ bóyá àgbàdo ni tàbí òkúta. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. "Ẹ má bínú o," ló máa ń wí fáwọn àlejò, "kì í ṣe pé mo ń ṣojú sí yín, ibi tó kù nìyẹn." Àmọ́ láàárín òun àti ọmọ rẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní: "Òkùnkùn ò bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ojú bàbá yín ti ń parẹ́ lórí mi. Mo máa ń jókòó wá a, mi ò rí i mọ́. Mo rántí ọwọ́ wọn, mo rántí ohùn wọn. Ojú wọn ni mi ò rí."

Bàbá ti dolóògbé. Télọ̀ ni nígbà ayé rẹ̀, ọkùnrin tó wọn gbogbo ara ayé ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kí wọ́n ya òun ní fọ́tò. "Kí lẹ fẹ́ fi ojú mi ṣe?" ni yóò bi yín, yóò sì dorí kodò sídìí maṣíìnì rẹ̀. Bó ṣe lọ nìyẹn, tí kò fi fọ́tò kankan sílẹ̀ àfi èyí tó wà lára káàdì ìdánimọ̀, kékeré kan tí kò tó èékánná, tó ti ṣá débi pé ẹni tójú rẹ̀ dá ṣáṣá gan-an lè pè é ní ẹlòmíràn.

Nígbà tó yá, ọ̀gá rìnrìn àjò, Òòyì bá mú ìyá rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ti ń rò ó lọ́kàn pé awò yẹn sún mọ́ ojú, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ le, àwòrán inú rẹ̀ sì gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹ̀gbẹ́ téèyàn fi wò tí kò ní bá nǹkan pàdé. Ta ló mọ̀? Ó mú ilé kan tó wà fún títà, ó mú kí dúdú rẹ̀ dúdú sí i, kí funfun rẹ̀ funfun sí i, títí ó fi dà bí ohun tí yóò máa gún ẹni tójú rẹ̀ dá lójú. Ó wá dì í mọ́ ìyá lójú.

Ìyá dorí kọ ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn náà ó lọgun, "Yéè! Kọ́tíìnì rèé! Òdòdó wà lára rẹ̀!" Ó fẹsẹ̀ ti ilẹ̀, àga yí. "Ta ló kó àwo jọ láìfọ̀ báyìí? Ẹ wo ọ̀bùn! Wọ́n fẹ́ ta ilé, wọn ò lè fọ àwo!" Ó ń yí lọ, ó ń yí bọ̀, ó ń bú onílé tí kò mọ̀ rí, inú Òòyì ń dùn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ìyá bá dá àga dúró. "Ilé wa ńkọ́? Èyí tí wọ́n wó. Ṣebí ìwọ náà lo wá yà á?"

"Èmi ni, màámi."

"Bàbá yín wà nílé lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n wà nídìí maṣíìnì, mo ń gbọ́ kẹ̀kẹ̀kẹ̀ rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé."

"Wọ́n wà níbẹ̀."

"Kí n rí wọn nígbà náà." Ó na ọwọ́ síwájú, ó ń wá ọwọ́ ọmọ rẹ̀. "Mo bẹ̀ ọ́, kí ojú yìí tó lọ tán, jẹ́ kí n rí bàbá yín lẹ́ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn ìyẹn kó máa lọ, mi ò ní bínú."

"Ẹ ó rí wọn, màámi," ni Òòyì wí. Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rò ó wò.

Ilé tí wọ́n ń sọ yìí, ilé tí wọ́n háyà ni, inú rẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ Òòyì dàgbà. Onílé fẹ́ tà á, ó gbé e wá fún ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá sì rán ẹni tó ń yàwòrán níṣẹ́. Òòyì ì bá kọ̀ ọ́, àmọ́ ẹni tí wọ́n ń gbà síṣẹ́ kì í yan ilé tó fẹ́ lọ. Bàbá rẹ̀ pàápàá ní, "Iṣẹ́ niṣẹ́. Wọlé wá, jàre." Ilé náà tà kíákíá, àwòrán yẹn dára. Ẹni tó rà á wó o palẹ̀. Àwọn arúgbó méjèèjì kó wá sọ́dọ̀ ọmọ wọn, níbi tí kò ti sí fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó fún maṣíìnì. Bàbá ṣe bí ẹni tó ń sinmi, kò sì pẹ́ tó fi kú. Ẹ ò rí i pé ayé yìí ò dáa.

Nígbà tí ìyá ti sùn lọ lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi, Òòyì padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí àwòrán ilé náà. Ó di awò mọ́jú. Ó bá ara rẹ̀ nínú pálọ̀ tó ti jẹ́ ọmọdé: ògiri tó bó níbi tí wọ́n ti ń tan iná, kàlẹ́ńdà, tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Ó rọra yíjú sí fèrèsé. Maṣíìnì wà níbẹ̀. Aṣọ tí abẹ́rẹ́ ṣì gún dání wà níbẹ̀. Àga ṣófo.

Ìgbà yẹn ló rántí.

Bàbá ti bi í lọ́jọ́ náà pé, "Ṣé kí n dìde fún ọ?" Ó ń kánjú, ilé méjì mìíràn ṣì ń dúró dè é. Ó ní, "Ẹ jókòó, bàámi. Màá yọ yín kúrò tó bá yá." Bàbá rẹ́rìn-ín. "Yọ mí kẹ̀? Ó dáa o." Ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ ń tẹ maṣíìnì, ọwọ́ ń ti aṣọ, orí ń lọ sókè sódò. Nígbà tí Òòyì délé iṣẹ́ tó rán àwòrán pọ̀, iwin olórí púpọ̀ kan ló bá níwájú fèrèsé, ó sì yọ ọ́. Ẹni tó bá bi í lọ́jọ́ yẹn, kò ní lè sọ pé òun tilẹ̀ wo ojú rẹ̀.

Ó wá àwọn ojúlówó àwòrán, àwọn tí kò tíì rán. Wọn kò sí. Bí ilé bá ti tà, ṣọ́ọ̀bù máa ń pa wọ́n rẹ́ kí àyè lè wà fún ilé tuntun. Nígbà tí ọ̀gá dé, ó lọ bẹ̀ ẹ́ bóyá wọ́n wà níbòmíràn. Ọ̀gá wò ó.

"Ilé tí wọ́n ti wó? Kí la fẹ́ fi ṣe?"

"Bàbá mi wà nínú rẹ̀, mà."

Ọ̀gá mi orí. Ó ní kó pẹ̀lẹ́. Kì í ṣe ẹni burúkú, ó kàn jẹ́ pé kò sí ohun tó lè ṣe.

Nílé, àárọ̀ àárọ̀ ni ìyá ń béèrè. "Ó ti tó?" "Ó kù díẹ̀, màámi." "Ṣé o ò tíì rán wọn tán ni?" Ó ń rẹ́rìn-ín tó bá ń bi í, Òòyì náà á rẹ́rìn-ín, irọ́ náà á sì sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Láàárín ìgbà yẹn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife dípò inú rẹ̀. Ó ń fọwọ́ tọ ògiri kó tó dé ilé ìwẹ̀. Ó bá kọ́tíìnì sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan, ó rò pé ọmọ òun ni. Òòyì ò lè sọ fún un. Báwo lo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Inú káàdì kámẹ́rà àtijọ́ kan, ní ìsàlẹ̀ àpò, ló ti rí ẹyọ kan ṣoṣo. Kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú yàrá, ó máa ń kọ́kọ́ ya fèrèsé lásán láti mọ bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe le tó. Ẹnikẹ́ni kì í lo irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ibi tí wọ́n bá bọ́ sí ni wọ́n máa ń kú sí. Fèrèsé yẹn ló yà, irin rẹ̀ hàn, igi tó wà níta hàn tewé tewé. Níwájú rẹ̀, èèyàn kan jókòó, ó dorí kodò, ó dúdú bí èédú láti orí dé ẹsẹ̀.

Òòyì jókòó tì í. Gbogbo ọgbọ́n tó ní ló lò. Ó gbé òkùnkùn náà sókè díẹ̀ pé bóyá imú á yọ, bóyá ẹ̀rẹ̀kẹ́ á yọ. Ohun tó yọ ni yanrìn, yanrìn aláwọ̀ oríṣiríṣi tó ń hó lójú. Ó gbé e sókè sí i, yanrìn náà pọ̀ sí i. Kámẹ́rà ò rí ojú bàbá lọ́jọ́ yẹn, ohun tí kò rí kò sì lè fún ẹnikẹ́ni. Níkẹyìn ó da èédú náà padà sí bó ṣe wà, ó gé e yípo, ó gbé e jókòó sórí àga tó ṣófo nínú àwòrán yíká náà. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé bàbá náà nìyẹn ṣáà, òjìji èèyàn sàn ju àìsí rẹ̀ lọ. Ó ní ìyá á mọ èjìká rẹ̀. Ṣebí ó ti bá a gbé pẹ́ tó.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa lọ, ìyá wọ aṣọ aláwọ̀ ewé tí bàbá rán fún un, ó kun pọ́dà dé etí nítorí kò rí ara rẹ̀ nínú dígí. "Ṣé aṣọ ilé ni kí n fi lọ bá ọkọ mi ni?" Òòyì bá a nu etí rẹ̀, ó dì í lọ́wọ́ mú sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn. Ọ̀gá ti gbà kí wọ́n lo àga náà kí oníbàárà tó dé.

Ó di awò náà mọ́ ọn lójú, ó fà á kó fìdí múlẹ̀. Òun náà dúró sídìí kọ̀ǹpútà, níbi tí ohun tí ìyá ń wò ti ń hàn.

"Kí lẹ rí, màámi?"

"Ó ń mọ́. Ó ń mọ́ yanran." Ó dorí kọ ẹ̀gbẹ́. "Kí nìyẹn? Tábìlì? Tábìlì wa ni!" Ó di apá àga mú. "Ọmọ mi, ilé wa nìyí. Bàbá yín dà?"

"Ẹ máa yí díẹ̀díẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún. Tẹ́ ẹ bá ti rí fèrèsé, ẹ dúró."

Ó ń yí. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bá a. "Mo ti rí i! Fèrèsé rèé. Irin tó wọ́ nìyẹn." Ó na ọrùn. Ó fi ẹ̀gbẹ́ kan wò ó, ó fi ẹ̀gbẹ́ kejì wò ó. Ó tẹrí ba, ó gbórí sókè. Ẹ̀rín ti ń kúrò lójú rẹ̀.

"Kò jẹ́ kí n rí wọn."

"Kí ni, màámi?"

"Dúdú yìí. Dúdú tó máa ń wá jókòó sáàárín ohunkóhun tí mo bá fẹ́ wò. Ó tún ti wá jókòó síwájú fèrèsé." Ó ju ọwọ́ sí afẹ́fẹ́ bí ẹni ń lé adìyẹ. "Kúrò níbẹ̀, jàre! Èmi àti ìwọ ń bọ̀ wá wà pọ̀ títí ayé, jẹ́ kí n rí ọkọ mi." Ó yíjú sí ibi tí ohùn ọmọ rẹ̀ ti ń wá. "Ọmọ mi, ṣé ẹ̀rọ yín yìí ò lè bá mi yọ ọ́ kúrò? Bàbá yín wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n wà lẹ́yìn rẹ̀."

Òòyì wo kọ̀ǹpútà. Bí ìyá ṣe ń kọjú sí fèrèsé tó, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó wà níwájú rẹ̀ ń dúdú sí i, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ó lè purọ́. Ó lè ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́, kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ mìíràn, ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n máa fi wá lọ́jọ́ mìíràn náà kò sí mọ́.

"Màámi, kì í ṣe ojú yín."

"Kí ló dé?"

"Bàámi nìyẹn. Dúdú yẹn. Bí mo ṣe rí wọn mọ nìyẹn, àwòrán yẹn ò ní ojú." Ó ti ń sunkún. "Wọ́n wà nínú èyí tó dáa, èmi ni mo yọ wọ́n kúrò. Mo rò pé... mi ò ro nǹkan kan. Ẹ forí jì mí, màámi."

Àga ò yí mọ́. Ìyá gbọ́wọ́ méjèèjì lé itan. Ó dẹ́kun à ń dorí kọ ẹ̀gbẹ́, ó wo iwájú gan-an, ó wò ó pẹ́.

"Bàbá yín nìyí?"

"Àwọn ni."

"Hun-un." Ó gbọ́wọ́ sókè, ó ń wá okùn awò náà lẹ́yìn etí, kò rí i tú. Òòyì wá bá a tú u. Nígbà tí ojú rẹ̀ jáde, kò wá ibi tí ọmọ rẹ̀ wà mọ́, ògiri ló kọjú sí.

"Dúdú tó ti wà lójú mi náà nìyẹn, ọmọ mi," ló wí. "O ò bá má ti ṣe wàhálà."